Ìgò Ọlọ́mọrí Búlúù

Èmi kì í rí ojú wọn.
Ìgò ni mo mọ̀, ìgò tín-ín-rín ọlọ́mọrí búlúù,
tí ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ kún dé ojú ìlà rẹ̀ gan-an.
Bó bá dín, n ó dá a padà,
nọ́ọ̀sì á tún lọ gún apá aláìsàn lẹ́ẹ̀kejì,
á máa ṣépè fún mi lábẹ́ ètè.

Ní Punta Arenas, níbi tí ilẹ̀ Ṣílè ti fẹ́ tán,
afẹ́fẹ́ kì í wọ́n wa.
Ó ń ká páànù lórí ilé, ó ń já ọmọdé gbà lọ́wọ́ ìyá,
wọ́n ta okùn sí ẹ̀bá títì
kí arúgbó lè rí nǹkan dì mú.
Síbẹ̀, lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn,
ọkùnrin kan wọlé, ó ń wá èémí.

Orúkọ ara ìgò: Barría Oyarzo, Eleuterio.
Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Awakọ̀ tírélà.
Yìnyín dí ọ̀nà mọ́ ọn,
ó jókòó wákàtí mẹ́rìndínlógún sójú kan,
ẹsẹ̀ òsì wú bíi búrẹ́dì tó mumi,
ó ní bàtà ló fún òun.
Bẹ́ẹ̀ ni dókítà Cárcamo kọ ọ́ ránṣẹ́.

Mo gbé ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń yí bí òkòtó.
Pupa rọ̀ sísàlẹ̀, omi aláwọ̀ ìyeyè dúró lókè.
Inú omi yẹn ni mo ti ń wá Dí-dáímà.

Èérún ni Dí-dáímà.
Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì, ara fúnra rẹ̀ á gbé àáké,
á máa là á, á máa ṣá a,
èérún á sì máa bá odò lọ.
Ẹni tó rí èérún lójú omi
mọ̀ pé wọ́n ń lagi lókè odò,
kò mọ oko ta ni.
Oyún, egbò, ibà, ọjọ́ orí,
gbogbo wọn ló ń da èérún sódò.
Bó bá kéré, tí dókítà ò sì fura púpọ̀, máa lọ sílé.
Bó bá pọ̀, kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ti Yanara Huenchur ló kọ́kọ́ jáde, láago méjì,
ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tí àyà ń gún:
igba ó lé mẹ́wàá.
Mo rẹ́rìn-ín sí ẹ̀rọ.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni ààlà ọ̀dọ́,
ṣùgbọ́n a máa ń bu ọlá fún àgbà,
ọdún kọ̀ọ̀kan lọ́nà mẹ́wàá:
ẹgbẹ̀ta ó lé ọgbọ̀n ni ti bàbá.
Ẹ̀rọ kọ ẹgbàajì ó lé ọgọ́sàn-án.
Mo tún un ṣe. Bákan náà.

Wọ́n tì í lọ sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń yàwòrán inú ara.
Ẹ̀jẹ̀ dídì ti jókòó sí oríta ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì
bí ẹni gun ẹṣin.

Ìbéèrè wá yí padà.
A ò bi í mọ́ bóyá ó wà níbẹ̀;
báwo ni ọkàn ṣe ń rù ú?
Tropónìn ni igbe tí iṣan ọkàn ń ké
bí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn.
Àkọ́kọ́, igbe kékeré.
Wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ti lé.
Mo pe Cárcamo: "Millaray, má mú ojú kúrò lára rẹ̀ o."
Ó ní, "Mo gbọ́."

(Ìyá mi, ní Porvenir, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án.
Wọ́n ní ọkàn ló kàn dúró.
Kò sẹ́ni tó bu ìgò kan.)

Aago méje, mo jáde.
Tírélà kan dábùú ẹnu ọ̀nà ọsibítù,
ajá dúdú jókòó síbi ìtọ́kọ̀.
Èémí rẹ̀ kùn gíláàsì, ó pa rẹ́, ó tún kùn.
Nọ́ọ̀sì kan ń sáré bọ̀, búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀:
"Bàbá yẹn ò jẹ́ ká sinmi látàárọ̀,
ajá mi, ajá mi, ajá mi."

Afẹ́fẹ́ ṣí fìlà mi lọ.
Mo di okùn títì mú, mo ń lọ sílé.